Ẹni Tí A Fẹ́ Fi Pamọ́ Ló Pa Orin Mọ́

Bí ẹ bá dé agbo ijó ìbílẹ̀ àwọn ará Skọ́tílándì lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní ceilidh, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá ẹgbẹ́ olórin kan pàdé tí yóò mú yín ronú. Ẹni tí ó ń ta fáólìn lè jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà; ẹni tí ó jókòó tì í tí ó ń lu ìlù lè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́; afọ́jú lè máa fọn fèrè; ọmọbìnrin kan lè wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, kí ó máa fi ìka kan ṣoṣo tẹ ohun èlò tirẹ̀. Orin kan náà ni wọ́n jọ ń kọ, àwọn oníjó sì ń jó o láìbéèrè ta ni ó pé, ta ni kò pé.

Iṣẹ́ mi, èyí tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ sí sóṣíà wọ́kà, máa ń mú mi wọ ilé àwọn ìdílé Yorùbá. Ní ọjọ́ kan mo jókòó ní pálọ̀ kan tí àwòrán ọmọ mẹ́ta wà lára ògiri rẹ̀, tí wọ́n wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ kẹrin lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí mo béèrè rẹ̀, ìyá rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Àlejò ń bọ̀.” Nítorí ọmọ kẹrin yìí ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ìtàn orin Skọ́tílándì.

Ní nǹkan bí ọdún 1656 ni wọ́n bí Iain Dall MacKay ní Gairloch, ní apá ìwọ̀-oòrùn àríwá ilẹ̀ náà. Ìtumọ̀ “Dall” ní èdè Gaelic ni afọ́jú. Ilẹ̀-gbígbóná, àrùn tí àwọn baba wa mọ̀ dáadáa, ni ó gba ojú rẹ̀ nígbà èwe. Baba rẹ̀ jẹ́ afọnfèrè fún ìjòyè ìlú wọn, ìyẹn fèrè alápò tí gbogbo ayé fi ń dá ará Skọ́tílándì mọ̀. Wọn kò tìtorí ojú fi ọmọ náà sẹ́yìn. Wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Skye, lọ́dọ̀ Pàdraig Òg MacCrimmon tí í ṣe ọ̀gá àwọn ọ̀gá, kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ó yá, ó jókòó sí ipò baba rẹ̀. Orin arò tí ó fi dárò ọ̀gá rẹ̀ yìí wà lára èyí tí àwọn afọnfèrè ṣì ń fọn títí di òní.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni Ruaidhri Dall, tí ilẹ̀-gbígbóná sọ di afọ́jú bákan náà. Ó kọ́ bí a ti ń ta dùùrù olókùn, irú èyí tí Dáfídì ọba ta, ó sì di olórin fún ìjòyè MacLeod ní Dunvegan. Nígbà tí ìjòyè tí ó mọyì rẹ̀ kú ní 1693, ọmọ rẹ̀ gorí oyè, ó sì ń ná owó ìdílé ní ìnákúnàá lókèèrè. Afọ́jú yìí kò panu mọ́. Ó fi orin bá a wí, ó ròyìn bí ààfin tí ó kún fún ìró orin tẹ́lẹ̀ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí kò ríran ni ó rí ohun tí ń bàjẹ́.

Ẹ lè béèrè pé báwo ni afọ́jú ṣe kọ́ iṣẹ́ tí ó le tó bẹ́ẹ̀. Etí ló fi kọ́ ọ. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fèrè alápò sínú ìwé, ọ̀gá a máa fi ẹnu pe ohùn fèrè fún ọmọ-iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àyàn ṣe ń fi ẹnu pe ohùn ìlù fún ọmọ rẹ̀. Canntaireachd ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Àwa náà mọ irú èyí. Benjamin Adéróunmú, afọ́jú ọmọ Ọ̀wọ̀ tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kokoro, kò rí ojú kàwé, ṣùgbọ́n ó fi sáńbà àti ohùn rẹ̀ la ìgboro já.

Àmọ́ ayé yí padà. Ní 1863 wọ́n ṣí ilé kan sí Larbert fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kì í tètè gba ẹ̀kọ́. Èrò rere ló bí i, wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, irú ilé bẹ́ẹ̀ di àwọ̀sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1936 wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn Lennox Castle nítòsí Glasgow, ó sì gba ènìyàn tí ó lé ní 1,000. Àwọn kan wọ ibẹ̀ ní ọmọdé, wọ́n sì hu ewú síbẹ̀.

Àwọn tí wọn kò tì mọ́lé pàápàá, wọ́n lé wọn sí etí ìlú. Àwọn alárìnkiri, tí wọ́n ń pè ní Travellers, ń pàgọ́ kiri, wọ́n ń tún ìkòkò ṣe, wọ́n ń bá àgbẹ̀ kórè. Ojú ẹ̀gàn ni ará ìlú fi ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yunifásítì Edinburgh dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé Skọ́tílándì sílẹ̀ ní 1951, tí àwọn ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn orin àtijọ́ kiri, ẹnu àwọn ẹni ẹ̀gàn wọ̀nyí ni wọ́n ti bá wọn. Ní 1953 Hamish Henderson pàdé Jeannie Robertson, obìnrin alárìnkiri kan, ní Aberdeen. Orin tí ó ti parẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá ń bẹ nínú rẹ̀ bí omi inú kànga. Ní 1968 ìjọba Bìrìtìkó fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Àwọn tí a tì mọ́lé náà rí ìtúsílẹ̀. Ní 2000 ìjọba Skọ́tílándì gbé ìwé ètò kan jáde tí ó ní kí wọ́n ti àwọn ilé-ìwòsàn ńlá wọ̀nyẹn pa, kí àwọn àkàndá máa gbé láàárín ará ìlú. Lennox Castle ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní 2002. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1997, ni wọ́n ti dá àjọ Drake Music Scotland sílẹ̀ láti fún àwọn àkàndá ní ọ̀nà tí wọn yóò fi máa kọrin. Àjọ yìí ni ó mú ọ̀nà Figurenotes wọ ilẹ̀ náà láti Finland: àwọ̀ dúró fún ohùn, àwòrán bí òbìrípo tàbí onígun mẹ́ta sì ń fi gíga ohùn hàn. Ẹni tí kò lè ka ìwé orin lè tẹ̀ lé àwọ̀.

Orin ìbílẹ̀ wọn fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún oríṣiríṣi ènìyàn. Ẹsẹ̀ kúkúrú méjì ni ọ̀pọ̀ orin ijó wọn ní, wọ́n sì máa ń tún wọn kọ lérò léraléra. Ẹni tí kò bá bá wọn wọlé lẹ́ẹ̀kíní yóò bá wọn wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Fèrè alápò náà ní ọ̀pá mẹ́ta tí ohùn wọn kì í yí padà rárá, síbẹ̀ orin kò lè dún dáadáa láìsí wọn. Ẹ rántí ìlù dùndún tiwa: gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wo bí agbo yóò ti rí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn yín. Ẹ ń bẹ̀rù ẹnu ayé, ẹ ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé àbíkú tàbí èèwọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá kan náà tí ó mọ wá ni ó mọ wọ́n. Ilé wa ni a ti gba ọ̀wọ̀ náà sọnù, kì í ṣe ìlú òyìnbó.

Nítorí náà, bí àlejò bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà wà ní pálọ̀. Bí ẹ bá ń kí ènìyàn ní èdè Yorùbá, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́, nítorí etí ni ó lè fi kọ́ ọ. Ẹ béèrè ní àdúgbò yín bóyá ẹgbẹ́ olórin kan wà tí ń gba gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo ń jáde ní ilé ọjọ́sí, rẹ́díò ń kọrin ní ìsàlẹ̀, ìró ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ń bọ́ sí orí orin ọ̀hún gẹ́ẹ́, kò tàsé rárá. Mo bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó mú un sọ̀kalẹ̀.