Láti Agogo Mẹ́jọ Àárọ̀ sí Mẹ́sàn-án Alẹ́

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Lanham, ní ìpínlẹ̀ Maryland, l'Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe. Ní 2018, ẹnì kan tí a ò mọ̀ fi nọ́ńbà kírẹ́díìtì káàdì rẹ̀ ra ọjà 612 dọ́là ní ìpínlẹ̀ tí kò dé rí. Ó kọ̀wé sí báǹkì pé òun kọ́ lòun rà á. Báǹkì ti àkáǹtì náà pa, wọn ò sì dá a lóhùn. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn tó ń sin gbèsè dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹta 2024 ni mo tò sísàlẹ̀ yìí, bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, tí mo sì rí i nínú fóònù rẹ̀ àti nínú ìwé kékeré tó ń kọ àkókò ìpè kọ̀ọ̀kan sí.

8:04 àárọ̀

Fóònù dún. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1977 kò gba asingbèsè láyè láti pe èèyàn ṣáájú agogo mẹ́jọ àárọ̀ tàbí lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló fi wọnú àkókò. Ọkùnrin tó pè sọ pé ilé-iṣẹ́ òun ti ra gbèsè náà, ó ti di 1,487 dọ́là, ṣùgbọ́n bó bá lè san 50 dọ́là lónìí, àwọn á fún un láyè díẹ̀.

Ohùn tútù ló fi sọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, owó táṣẹ́rẹ́ tí èèyàn bá san lórí gbèsè tó ti pẹ́ lè mú kí àkókò tí wọ́n fi lè pè é lẹ́jọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi béèrè orúkọ ọkùnrin náà àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní: "Ìwé yín ti dé ọwọ́ mi. Ìwé náà ni màá fi dá yín lóhùn." Ó pa fóònù.

11:20 àárọ̀

Wọ́n pe àbíkẹ́yìn wa ní ìlú Bowie. Òfin gbà pé kí wọ́n béèrè ibi tí èèyàn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò gbà kí wọ́n sọ fún un pé ẹni náà jẹ gbèsè. Wọ́n sọ ọ́. Ọmọ náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, jìnnìjìnnì ti bò ó: "Àǹtí, wọ́n ní ẹ jẹ gbèsè o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín san án, kí wọ́n má bàa dójú tì yín."

Inú mọ́tò ni àbúrò mi jókòó sí nígbà tó gbọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ nìkan ni ọkàn òun ti fẹ́ yẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yé mi. Ilé tí wọ́n ti kọ́ wa pé ikú yá ju ẹ̀sín ni gbogbo wa ti jáde. Láyé àtijọ́, ológò tí ẹni tó yáni lówó rán á lọ jókòó ti onígbèsè nílé, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ ilé jẹ, títí ìtìjú á fi mú àwọn ẹbí dá owó. Ohun tí ìpè sí Bowie wà fún náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán ológò wà nílùú, wọ́n lè lọ bi í bóyá lóòótọ́ ni wọ́n jẹ ẹ́. Èyí tó ń pe àbúrò mi kò yá a ní kọ́bọ̀ rí. Ìwádìí tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Federal Trade Commission gbé jáde ní 2013 fi hàn pé nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́rin ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fi ra gbèsè dọ́là kan, àti pé ìwé ẹ̀rí díẹ̀ ló sábà ń bá a wá. Bí tiwọn bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 60 dọ́là ni wọ́n fi ra ohun tí wọ́n fẹ́ gba 1,487 lé lórí.

12:45 ọ̀sán

Àbúrò mi tẹ́ ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí itan. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2021, ìlànà ìjọba àpapọ̀ kan ti mú un ní dandan kí wọ́n fi bí gbèsè ṣe ń pọ̀ sí i hàn, láti ọjọ́ kan pàtó wá sí òní. Tiwọn ka báyìí: èlé, 0, owó ìtanràn, 0, owó tí a san, 0, àpapọ̀, 1,487. Wọ́n mú ọjọ́ tí 612 ti di 1,487 tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Nísàlẹ̀ ìwé, níbi tí èèyàn ti lè ya á, àwọn àpótí kékeré wà. Ó fàmì sí èyí tó ní "gbèsè yìí kì í ṣe tèmi." Ó fi ibi tí wọ́n ní kó kọ iye tó fẹ́ san sí sílẹ̀ lófìfo.

3:10 ọ̀sán

Ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó so ẹ̀dà lẹ́tà tó kọ sí báǹkì ní 2018 mọ́ ìwé náà, ó sì sanwó kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí káàdì aláwọ̀ ewé tí wọ́n á dá padà fún un. Ẹni tó bá kọ̀wé tako gbèsè láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ sin ín mọ́ títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí ránṣẹ́.

5:35 ìrọ̀lẹ́

Nọ́ńbà mìíràn fi ohùn sílẹ̀ pé ọlọ́pàá lè wá mú un. Irọ́ ni. Wọn kì í ti èèyàn mọ́lé l'Amẹ́ríkà nítorí gbèsè káàdì, òfin sì ka irú ìhalẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní Maryland, ọdún mẹ́ta ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó ní láti fi pe irú ẹjọ́ yìí. Ó ti kọjá. Síbẹ̀, bí ìwé kóòtù gan-an bá dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí èèyàn ò bá dáhùn, kóòtù lè dá àwọn asingbèsè láre bí gbèsè náà tilẹ̀ ti gbó. Àbúrò mi kò pa ohùn náà rẹ́.

7:20 alẹ́

Ó ní kí àbíkẹ́yìn wa kọ àkókò tí wọ́n pè é àti gbogbo ohun tí wọ́n wí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi dójú tì í ti di ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún kan ni òfin fún un láti fi pe àwọn náà lẹ́jọ́, kóòtù sì lè dá tó 1,000 dọ́là fún un, yàtọ̀ sí òfò tó bá jẹ.

8:52 alẹ́

Wọ́n tún pè. Ìlànà 2021 ka ìpè mìíràn láàárín ọjọ́ méje tí wọ́n ti bá èèyàn sọ̀rọ̀ sí ìyọlẹ́nu, àfi bí wọ́n bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kò gbé e. Ó kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ gbèsè, kó san án. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé a jẹ òun ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú sanwó tí ẹ ò jẹ. Ẹ gba orúkọ wọn, ẹ fi ìwé dá wọn lóhùn, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé yín kí ẹlòmíràn tó sọ fún wọn.