Ara Ènìyàn àti Ọwọ́ Tí Ó Di Kámẹ́rà Mú: Àyẹ̀wò Fíìmù Mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, 1959 sí 1971

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn fíìmù tí a fi dán ọ̀nà tuntun wò ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìgboyà ni wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́: pé wọ́n fi ìhòòhò, ìbímọ àti òkú hàn. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti ọwọ́ tí kámẹ́rà wà.

Ní 1959 ni Stan Brakhage gbé Window Water Baby Moving jáde. Ìbí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó yà, láìsí ohùn kankan. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, omi inú ọpọ́n ìwẹ̀ àti ikùn Jane, ìyàwó rẹ̀, ni a kọ́kọ́ rí kí ìrọbí tó dé. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ, tí Yorùbá fi ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, ni a gbé síwájú awòran ní gbangba. Síbẹ̀, ibi tí ó yẹ kí òpìtàn dúró sí ni ìgbà tí Jane gba kámẹ́rà, tí ó sì ya ojú ọkọ rẹ̀ tí ayọ̀ kún. Fún ìgbà díẹ̀, ẹni tí a ń wò di ẹni tí ń wòran.

Ìgbà díẹ̀ ni, lóòótọ́. Carolee Schneemann àti James Tenney ti wà níwájú kámẹ́rà Brakhage nínú Loving (1957) àti Cat's Cradle (1959), ohun tí obìnrin náà sì rí níbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Láàárín 1964 sí 1967, ó ṣe Fuses, nípa ìbálòpọ̀ òun àti Tenney. Kò sí ayàwòrán mìíràn nínú yàrá. Kitch, ológbò wọn, ni ń wò wọ́n. Schneemann kun fíìmù náà ní ọ̀dà, ó fi iná jó o, ó sì rẹ ẹ́ sínú ásíìdì. Àwọn tí wọ́n pè é ní ìwà pálapàla kò ka èyí sí: ẹni tí ó bá wá wo ìhòòhò níbẹ̀, ọ̀dà ni yóò máa bá pàdé.

Ọ̀rọ̀ náà le sí i ní 1971, nígbà tí Brakhage wọ ilé òkú ní Pittsburgh láti ṣe The Act of Seeing with One's Own Eyes. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 32, àwọn oníṣègùn ń la òkú láti mọ ohun tí ó pa wọ́n. Àkọlé náà ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a fi ń pe iṣẹ́ yìí: fífi ojú ara ẹni rí i. Jane lè na ọwọ́ gba kámẹ́rà. Schneemann di tirẹ̀ mú. Àwọn tí a tẹ́ sórí tábìlì ní Pittsburgh kò lè ṣe èyíkéyìí, kò sì sí ẹni tí ó lè bi wọ́n bóyá wọ́n gbà.