Ọwọ́ Nínú Ọ̀rọ̀ Yorùbá: Àyẹ̀wò Ìlò Rẹ̀ Lẹ́nu Àwọn Ará Alímọ̀ṣọ́

Láti ọdún 1843, nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, títí dé ọdún 1958 tí R. C. Abraham gbé ìwé atúmọ̀ ńlá tirẹ̀ síta, àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń to ọ̀rọ̀ wa bí ìyá oníkòkò ti ń to ìkòkò, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí kì í jókòó sójú kan, ọwọ́ sì ni baba wọn: ọwọ́ tí ń bọ́ ẹnu, tí ń gbèjà orí, tí ń ṣiṣẹ́ tí gbogbo ara ń jẹ.

Ibi tí ó fara pa mọ́ sí jù ni inú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ti gbé e mì. Ẹni tí ó lawọ́ ń ṣoore, ẹni tí ó háwọ́ di ahun. A ṣíwọ́ iṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a dẹwọ́ nígbà tí ó bá rẹ̀ wá. Bí ènìyàn bá juwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìkíni ni. Bí ó bá juwọ́ sílẹ̀, agbára ti pin nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń wá gbogbo ìwọ̀nyí lábẹ́ ọwọ́ nìkan nínú ìwé atúmọ̀ yóò wá wọn tì.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọjà àti ìdí iṣẹ́ ni kí a ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ní Alímọ̀ṣọ́, ilẹ̀ Àwórì tí Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Èkìtì ti wá bá wọn gbé, tí ìkànìyàn ọdún 2006 sì ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Ní ọjà Ìkòtún, ní kùtùkùtù, kí aláta tó ta kọ́bọ̀, yóò rọ oníbàárà àkọ́kọ́ pé, “Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ mi lónìí o, ọwọ́ yín á dára fún mi.” Kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́ ni ó ń wí bí kò ṣe ire tí ó gbà pé ó ń bá ẹni náà rìn, nítorí èyí ni yóò fi dín owó fún un, tí kò ní dín in fún ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìsọ̀ onídìrí ní Ẹgbẹ́dá, “ọwọ́ rẹ̀ le” ni ẹ̀sùn tí a ń fi kan ọmọṣẹ́ tí ń fa irun ya. Bí ó bá sì mọ iṣẹ́, wọn a ní ọwọ́ rẹ̀ ti yá. Kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ Ìgàndò a sì máa kígbe pé, “Ẹ mú ṣénjì yín lọ́wọ́ o!”

Láti orí ohun tí a dì mú yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn dé ibi tí ojú kò tó. A ń rà lọ́wọ́ aláta, a ń bọ́ lọ́wọ́ ewu, a ń jẹun lọ́wọ́, a ń retí àlejò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Lójú tèmi, ìtumọ̀ kan náà ni ó so wọ́n pọ̀: ohun tí ó wà ní àrọ́wọ́tó, ìbáà ṣe ẹrù, ìbáà ṣe àkókò.

Ìwà pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, àwa náà sì sọ rìbá ní ọwọ́ ẹ̀yìn, nítorí ohun tí a kò lè gbà níwájú ará ìlú ni. Ó wù mí kí ìwé atúmọ̀ tí ń bọ̀ gba ọwọ́ aláta, ti onídìrí àti ti kọ̀ńdọ́ wọlé pẹ̀lú gbólóhùn wọn gan-an, kí ó sì to lawọ́, háwọ́ àti ṣíwọ́ sí abẹ́ ọwọ́ tí ó bí wọn.