Ìgbafẹ́ Ìdílé Létíkun ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkó: Láti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò dé Àgbádárìgì

Ìgbafẹ́ ìdílé létíkun ni àṣà kí bàbá, ìyá, àwọn ọmọ àti ẹbí kó ara wọn jọ lọ sí etí òkun, kí wọ́n jẹun níbẹ̀, kí àwọn ọmọ ṣeré nínú yanrìn, kí àgbà sì fẹ̀yìn lélẹ̀ gba atẹ́gùn. Ní ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa fi ọkọ̀ fa ilé alágbèérìn tí wọ́n ń pè ní kárávàánù lọ síbẹ̀, wọn a sì sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Èkó, ọkọ̀ Coaster tí gbogbo ẹbí dáwó háyà ló dúró nípò kárávàánù, ọjọ́ kan ṣoṣo sì ni ìgbafẹ́ náà sábà máa ń jẹ́. Àwọn ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò wà lára àwọn tí òkun sún mọ́ jù ní ìpínlẹ̀ náà, nítorí ojú títì Èkó sí Àgbádárìgì gba àárín wọn kọjá, Òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní gúúsù wọn.

Ilẹ̀ àti omi

Ẹni tó bá dúró ní èbúté Ọ̀jọ́, ọ̀sà ló ń wò, kò tíì rí òkun. Ọ̀sà Àgbádárìgì nìyẹn, tó nà gbọọrọ láti apá Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá sí ìhà èbúté Èkó. Láàárín ọ̀sà yìí àti òkun ni ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí igi àgbọn bò, tí àwọn apẹja Ẹ̀gùn, Àwórì, Ìlàjẹ àti àwọn àlejò láti Gánà tẹ abúlé sí. Nítorí ìdí èyí, ọ̀nà méjì péré ni ará Ọ̀jọ́ fi lè fojú kan òkun: kó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, tàbí kó gba ojú títì lọ sí ìhà Àgbádárìgì, níbi tí ọ̀nà ti súnmọ́ etíkun.

Etíkun ibí yìí kì í ṣe irú èyí tí omi rẹ̀ máa ń rọra gun yanrìn. Ìjì líle tó ń jà ní gúúsù Àtìláńtíìkì ló ń rán ìgbì wá láti ìhà gúúsù òun ìwọ̀-oòrùn, ó sì máa ń le jù láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án. Bí ìgbì náà ti ń wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó ń gbé yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lọ́dọọdún. Bèbè etíkun pẹ̀lú sì dàgẹ̀rẹ̀ púpọ̀, tó fi jẹ́ pé ìgbì kì í fọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìdí ẹsẹ̀ ènìyàn gan-an ló ti ń fọ́. Ohun tó mú kí òkun Èkó wuni wò nìyẹn, ohun kan náà ló sì mú kí ó léwu fún ọmọdé.

Ìtàn

Kí ìgbafẹ́ tó dé, Ọlọ́kun ló ni etíkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ ọ́, ibẹ̀ ni apẹja ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìjọ aláṣọ funfun sọ ọ́ di ibi àdúrà, tí agogo àti orin wọn sì ń dún létí omi títí di òní olónìí. Bí ọ̀làjú ìlú ńlá ti ń gbilẹ̀ ni etíkun di ibi ìnàjú pẹ̀lú.

Etíkun tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé àwọn òbí wa ni Bar Beach ní Victoria Island. Lọ́jọ́ ọdún, tìlú-tìlú ló ń ya lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ti ń jẹ etíkun náà tipẹ́. Láti ọdún 1908 síwájú ni ìjọba amúnisìn ti ń to òkúta wọnú òkun lẹ́nu èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọlé. Òkúta wọ̀nyí dá yanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ dúró. Etíkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ẹnu èbúté ń sanra sí i, Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn ń rù, òkun sì gba ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n ti ń da yanrìn padà sínú òkun láti kọ́ ìlú Eko Atlantic, ibi tí mẹ̀kúnnù ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀ sì di ilẹ̀ olówó. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya bo etíkun Kuramo tó wà nítòsí, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì ti ibẹ̀ pa. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń gbé ní Erékùṣù ti yíjú sí Oníru, Ẹlẹ́gúṣì àti ìhà Lẹ́kì, tí àwọn ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò sì túbọ̀ kọjú sí Àgbádárìgì.

Bí ìrìn àjò náà ṣe ń lọ

Ìgbà tí èrò pọ̀ jù ni ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọjọ́ ọdún tuntun, ọjọ́ kejì Àjíǹde tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń pè ní ọjọ́ Gálílì, ọdún Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀. Ìdílé tó ní ọkọ̀ a wọ tiwọn. Àwọn yòókù a háyà dáńfó tàbí Coaster, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò ní Ìyànà Ìbà tàbí ní gáréèjì Òkòkòmáíkò. Ìjánìkin, Àgbárá àti Mọ́wọ̀ọ́ ni wọn a là kọjá kí wọ́n tó dé Àgbádárìgì. Ìrìn náà kò jìnnà púpọ̀ láti Òkòkòmáíkò, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá bàjẹ́ tàbí tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá wà, ó lè gba ìdajì ọjọ́. Ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ojú títì náà di onílà mẹ́wàá. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù tó yẹ kó dé Òkòkòmáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìpele kejì ló kù tí yóò gbé e dé Òkòkòmáíkò.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ nílé. Ìyá ilé a ti rẹ ẹran sínú èròjà, a ti se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà tí kì í jẹ́ kó tètè tutù, a ti se mọ́ínmọ́ín, a ti da yìnyín sórí omi àti ohun mímu. Bí wọ́n bá dé etíkun, wọn a háyà àtíbàbà àti àga lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, wọn a tẹ́ ẹní, wọn a fi bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà sábẹ́ ibòòji kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ sídìí omi. Ohun títà kò wọ́n níbẹ̀: àgbọn tútù tí wọ́n ń fi àdá là lójú ẹni, ẹja yíyan, súyà, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa fa ẹṣin kiri kí ọmọdé lè gùn ún sanwó, ayàwòrán a sì máa pe ìdílé láti wá ya fọ́tò.

Ohun kan wà tí kò sí nínú owó àtíbàbà, òun ló sì dára jù. Ní àwọn abúlé apẹja, àwọ̀n ńlá ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé lọ sínú agbami, tí wọn a sì fi okùn méjì fà á wá sí èbúté láti ilẹ̀. Ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé a tò sí ìdí okùn, orin a máa lọ, ẹsẹ̀ gbogbo wọn a sì máa tẹ yanrìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àlejò bá bi wọ́n dáadáa, wọn a gbà kí ọmọ rẹ̀ di okùn mú. Nígbà tí ìsàlẹ̀ àwọ̀n bá yọ, tí ẹja wẹ́wẹ́ ń ta pọ́ún pọ́ún nínú rẹ̀, ọmọ tó ti ń rò pé inú fìríìjì ni ẹja ti ń wá yóò rí òógùn tó mú un dé àwo ọbẹ̀.

Àwọn ibi tí wọ́n ń lọ

Etíkun Suntan ní Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ ìdílé mọ̀ jù, nítorí ọkọ̀ ilẹ̀ lè gbé wọn débẹ̀. Gbẹrẹfu wà lódì kejì ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń débẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹrú gbà kí wọ́n tó kó wọn sọdá òkun, ọ̀nà yanrìn tí wọ́n rìn dé ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return ṣì wà níbẹ̀. Òbí tó bá mú ọmọ lọ síbẹ̀ lè ṣe ìgbafẹ́ kó sì kọ́ ọ ní ìtàn lọ́jọ́ kan náà, nítorí ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní ọdún 1845, wà nínú ìlú náà. Ní Ìwòrò-Àjídò, ilé ìgbafẹ́ Whispering Palms wà fún àwọn tó bá fẹ́ sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n etí ọ̀sà lèyí wà.

Ní ìhà èbúté Èkó, Tarkwa Bay àti Ilashe wà, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Òkúta ẹnu èbúté dáàbò bo Tarkwa Bay, omi rẹ̀ sì rọlẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà a máa gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Ouidah àti Grand-Popo ní Bẹ̀nẹ̀.

Gígun ìgbì

Gígun ìgbì lórí pátákó kì í ṣe àjèjì sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àwọn ọdún 1640, Michael Hemmersam, ọmọ Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí bí àwọn òbí ní Gold Coast (Gánà òde òní) ṣe ń so ọmọ wọn mọ́ pátákó kí wọ́n lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ní àwọn ọdún 1830, James Edward Alexander rí àwọn ọmọkùnrin ní Àkrà tí wọ́n fi pátákó fẹ́lẹ́ sábẹ́ ikùn, tí wọ́n ń dúró de ìgbì láti gbé wọn wá sí èbúté. Fíìmù The Endless Summer ti Bruce Brown, tó jáde ní 1966, gbé àwọn agùngbì ará Amẹ́ríkà wá sí Senegal, Gánà àti Nàìjíríà.

Lónìí, Tarkwa Bay ni ojúkò gígun ìgbì ní Èkó. Ìgbì tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ẹnu èbúté gùn, ó sì tò létòlétò, èyí tó mú kí ó dára fún pátákó. Àwọn ọmọ abúlé kọ́ ọ láti ara pátákó tí àlejò fi sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àbúrò wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ibẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ agùngbì sì di aláìnílé. Eré gígun ìgbì wọ Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Tokyo ní 2021. Ọmọ etíkun wa tó mọ omi láti kékeré kò yẹ kó jẹ́ òǹwòran nínú rẹ̀.

Kárávàánù àti Yorùbá ní Bìrìtìkó

Ọdún 1885 ni wọ́n kọ́ kárávàánù ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ ní Bìrìtìkó, Wanderer, fún Gordon Stables, ẹṣin ló sì ń fà á. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní London mọ Southend, Margate àti Brighton dáadáa, ìdílé mìíràn nínú wọn a sì máa háyà kárávàánù tó dúró sójú kan létíkun nígbà ìsinmi iléèwé. Àgọ́ tó ní omi, iná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ló mú kí ó ṣeé ṣe. Ní ojú títì Àgbádárìgì, irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ni ìdílé ṣe ń sáré padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ewu àti ààbò

Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ohun tó ń pa ènìyàn jù létíkun Èkó ni ìṣàn tó ń fa ẹni padà sínú agbami. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo omi lè dá a mọ̀: ojú ibi tó ń ṣàn náà a máa ṣókùnkùn tàbí kó pọ́n fún yanrìn, ìgbì kì í sì í fọ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ó dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò ń kó sí. Bí ó bá gbé ènìyàn, kó má bá a jìjàkadì. Kó léfòó, kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ìṣàn náà, kó tó wá sí èbúté. Ọmọdé kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí ọwọ́ àgbà ti lè tó o. Ẹni tó ti mutí kò gbọdọ̀ wọ omi. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ láífù jákẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó kù láti ṣe

Etíkun ìwọ̀-oòrùn ṣì ní ibi tí mẹ̀kúnnù lè tẹ́ ẹní sí, èyí tí Bar Beach kò ní mọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tún ọ̀nà ṣe, kí wọ́n gbé òmùwẹ̀ tó gba ẹ̀kọ́ sí etí omi lọ́jọ́ ọdún, kí wọ́n sì ya ibìkan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní tà, tí ẹnikẹ́ni kò ní gba owó ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Kí òbí tó wà ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò pẹ̀lú kọ́ ọmọ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì kó ìdọ̀tí wọn padà sílé. Ẹrù gbogbo wa ni òkun yìí, ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.