Akin Ọmọ́boríowó: Gómìnà Tí A Kéde, Tí Kò Gorí Àga

Kí Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó dá dúró ní 1996, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Ìjerò wà. Ọmọ Ìjerò ni Olóyè Akin Ọmọ́boríowó, agbẹjọ́rò tí a bí ní 1932. Nígbà tí ẹgbẹ́ UPN borí ní 1979, ó di igbákejì Gómìnà Michael Adékúnlé Ajáṣin.

Ipò gómìnà ló tú wọn ká. UPN tún fa Ajáṣin kalẹ̀. Ọmọ́boríowó bọ́ sínú NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba àpapọ̀. Ní oṣù Ògún 1983, àjọ elétò ìdìbò FEDECO kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀: rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti káàkiri ìpínlẹ̀, ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò. Ẹjọ́ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, àwọn adájọ́ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ajáṣin ló borí.

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ológun gbàjọba lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọmọ́boríowó dágbére fáyé ní 2012. Ìdájọ́ ló dá ẹ̀tọ́ olùdìbò padà, kì í ṣe iná. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá rògbòdìyàn lọ kò gbọ́ ìdájọ́ náà.