Fóltì Atọ́ka: Òṣùwọ̀n Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ

Sūratul-Muṭaffifīn kìlọ̀ fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n lè yẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ rẹ́ ẹnìkejì jẹ.

Ẹ wo àgbẹ̀ Ọ̀rẹ̀ tàbí Odigbo tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ kòkó. Sẹ́ńsọ̀ ooru LM35 máa ń gbé mìlífóltì 10 jáde fún dígírì Celsius kan; ooru 60 di fóltì 0.6. Arduino Uno yóò fi èyí wé fóltì atọ́ka, bí ọlọ́jà ṣe ń fi ọjà wé òkúta ìwọ̀n. Bí a kò bá yan òmíràn, iná fóltì 5 tó ń lò ni atọ́ka rẹ̀. Bí iná náà bá wálẹ̀ sí 4.5, yóò pe ooru 60 ní nǹkan bí 67. Àgbẹ̀ á dín iná kù, kòkó kò ní gbẹ, á sì bu. Sẹ́ńsọ̀ kò purọ́. Òkúta ìwọ̀n ló fúyẹ́.

Ẹ fún un ní atọ́ka tó dúró, bíi LM4040 oní-fóltì 2.5. Ẹ kọ́kọ́ sọ nínú ètò ẹ̀rọ pé atọ́ka ìta ni yóò lò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi resistor so LM4040 mọ́ iná fóltì 5, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ AREF. Nínú rẹ̀, fóltì kan ń wálẹ̀ bí ooru ti ń pọ̀, èkejì ń gòkè. Àpapọ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí.

Ẹ fi mítà tó péye yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.