Ìtàn Sípíríǹgì Kíká Nínú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́

Ìfáárà

Bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò tí ara èrò inú rẹ̀ kò gbọ̀n púpọ̀, iṣẹ́ sípíríǹgì ni. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a tọpa ìtàn sípíríǹgì kíká láti òkè òkun dé ilẹ̀ wa. Èrò wa ni pé ìwọ̀n iná ló fún irin yìí lágbára. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ láì kọ́ ọ ní bí a ṣe ń ṣe é, ààbọ̀ ẹ̀kọ́ ló kọ́ ọ.

Láti orí irin pẹlẹbẹ dé orí irin kíká

Ní 1678, Robert Hooke tẹ ìwé kan jáde ní London, ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni sípíríǹgì ṣe ń tẹ̀ tó. Síbẹ̀, irin pẹlẹbẹ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ń lò. Òun náà ló gbé Ford Model T ti 1908 ró níwájú àti lẹ́yìn. Ìdí kò jìnnà. Irin pẹlẹbẹ ń gbé ẹrù, ó sì tún ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú kí ó má yẹ̀. Irin kíká kò lè ṣe ju kí ó gbé ẹrù lọ. Ó nílò apá irin tí yóò darí táyà àti ṣọ́ọ̀kì tí yóò pa fífò rẹ̀.

Maurice Olley, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Rolls-Royce kí ó tó dé General Motors ní Amẹ́ríkà, rí i pé ó yẹ kí sípíríǹgì iwájú rọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ kí ọkọ̀ má baà máa mì síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá kan bá so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, rírọ̀ yìí ń mú kí wọ́n máa gbọ̀n. Nítorí náà, ní 1934, Cadillac àti Buick jáde pẹ̀lú sípíríǹgì kíká fún táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Ní 1950, Ford Consul dé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọgbọ́n Earle MacPherson, tí ó so sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì pọ̀ sórí òpó kan.

Bí a ṣe ń ṣe é àti bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Nínú ọ̀nà oníná, a ó fi ọ̀pá irin sínú iná títí yóò fi pọ́n ní nǹkan bí 900°C, a ó ká a, a ó sì rì í bọ inú epo. Epo yóò sọ ọ́ di líle, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹ́ bí àwo. Nítorí náà, a ó dá a padà sínú iná tí kò le tó ti àkọ́kọ́, ní nǹkan bí 400 sí 500°C, kí ó lè tẹ̀ kí ó sì padà sípò. Lẹ́yìn náà, a ó fi ọta irin wẹ́wẹ́ lù ú lára kí ó má baà tètè sán, a ó sì kùn ún kí ó má baà dógùn-ún.

Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a jó sípíríǹgì tó ṣẹ́ pọ̀. Iná wẹ́dà yóò ba ìwọ̀n tí iná àkọ́kọ́ fún un jẹ́. Ojú àpá kò sì lè jọ ojú ara. Méjèèjì, tọ̀tún tòsì, ni a ń pààrọ̀ pọ̀, kí ọkọ̀ má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Irin ìfúnpọ̀ tó péye ni a sì ń lò, torí sípíríǹgì tí a fún pọ̀ tí ó bá já lè pa ènìyàn.

Ní ilẹ̀ wa

Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna. Sípíríǹgì kíká ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Peugeot 504 tí a fi ń gbé èrò kékeré. Bí a ṣe ń tú u àti bí a ṣe ń tò ó ni àwọn mẹkáníìkì wa kọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ Yorùbá ń fi irin pẹlẹbẹ ọkọ̀ àlòkù rọ àdá àti ọ̀bẹ. Wọ́n ń wo àwọ̀ irin nínú iná kí wọ́n tó rì í bọ omi. Ẹ̀ka ìmọ̀ kan náà nìyí.

Ìkádìí

A dá a lábàá pé kí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ irin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilé arọ, kí ó tó dé ìdí ọkọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí ohun tí iná ń ṣe fún ojú àdá, kò ní í pẹ́ lóye ohun tí ó ń ṣe fún sípíríǹgì. Kò sì ní í fi iná wẹ́dà ba irin tí ẹ̀mí èrò gbára lé jẹ́.